Kí ẹ tó gbé ẹmọ́ òyìnbó tàbí ehoro yín lọ sí ọsibítù

Ẹ ọ̀kun o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran kéékèèké ní ilẹ̀ wa níbí. Ìsánlú ni mò ń gbé. Mò ń sin ehoro, mo sì ń sin ẹmọ́ òyìnbó, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní gínì-pígì. Ohun tí ẹran wọ̀nyí kọ́ mi ni pé àìsàn wọn kì í dúró de ìgbà tí ọwọ́ wa bá dilẹ̀. Ewúrẹ́ tí kò jẹun láàárọ̀, a lè máa wò ó títí di ọ̀la. Ẹmọ́ òyìnbó tí kò bá fẹnu kan koríko láti àárọ̀ di àárọ̀ kejì ti wà nínú ewu. Ìfun rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣófo. Bí oúnjẹ kò bá wọlé mọ́, ìfun á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, afẹ́fẹ́ á sì kún inú rẹ̀.

Wọn kì í sì í jẹ́ kí á tètè mọ̀. Ẹran tí àṣá ń gbé, tí ológbò ń ṣọdẹ, kò ní jẹ́ kó hàn lójú òun pé ara òun kò yá. Ìdí nìyí tí mo fi ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alásè fi ń wọn fúláwà. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń gbé wọn lé e, tí mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹmọ́ òyìnbó tó ti dàgbà sábà máa ń wọn giráàmù 700 sí 1200. Bí ó bá ti ń fọn sí i lọ́sẹ̀ méjì tẹ̀ léra, bó tilẹ̀ ń sáré kiri, dókítà ló kàn.

Ìwé yẹn wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí mo gbé abo ẹmọ́ òyìnbó kan dé Ìlọrin, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Mọ́mì, ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn, báwo ni ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí?" Mo ṣí ìwé fún un. Ó rí i pé ó ń fọn, ó sì rí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé irun abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ máa ń tutù. Ẹnu ló lọ tààrà. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ó ku orí nìkan níta, ó wá ki irinṣẹ́ oníná tí wọ́n fi ń yẹ etí wò bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ní kí n wá wò ó. Eyín iwájú gún régé. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ti hù wọnú, wọ́n ti pàdé ara wọn lókè ahọ́n bí afárá, kò lè gbé nǹkan kan mì. Eyín ẹran yìí kì í dẹ́kun híhù títí ó fi kú, koríko ni ó ń lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń fi kìkì fíìdì bọ́ ọ ń pe wàhálà eyín. Wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n sì rẹ́ eyín náà.

Àwọn dókítà ẹranko tó wà nítòsí wa, màlúù, ewúrẹ́, adìyẹ àti ajá ló kún ọwọ́ wọn. Mi ò bú wọn o, ohun tí ìlú ń gbé wá bá wọn nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń tọ́jú ehoro. Bí wọn kò bá ṣe é, Yunifásítì Ìlọrin ní ọsibítù ẹranko. Ẹ gba Ẹ̀gbẹ̀ kọjá sí Òmù-Àrán, kí ẹ sì bọ́ sọ́nà ní ìdájí, torí ooru tó bá kọjá 30 lórí ìwọ̀n Celsius lè pa wọ́n. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ lé. Ẹ má gbà kí dírẹ́bà jù ú sí búùtù. Ẹ fi koríko sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé èkejì rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ febi pa á mọ́jú nítorí iṣẹ́ abẹ, ẹ ní kó ṣàlàyé. Èébì ni wọ́n ń sá fún tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwa èèyàn, àti ehoro àti ẹmọ́ òyìnbó, wọn kò lè bì.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ oògùn. Aládùúgbò mi kan gbé ẹmọ́ òyìnbó rẹ̀ tó ń wúkọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn ẹranko, wọ́n fún un ní ampicillin, oògùn apakòkòrò kan. Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, ẹran náà kú. Láti 1943 ni àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé penicillin ń pa ẹmọ́ òyìnbó. Ó ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, àwọn búburú á wá gba ibẹ̀, wọn á máa tu májèlé. Ampicillin àti amoxicillin, ẹbí penicillin ni wọ́n. Ehoro náà kò gbọdọ̀ gbé wọn mì. Nítorí náà, kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́, ẹ bèèrè orúkọ oògùn. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i, òun fúnra rẹ̀ á sọ ìdí tó fi mú enrofloxacin, oògùn apakòkòrò mìíràn, dípò rẹ̀.

Ẹ bèèrè Vitamin C náà. Bíi tiwa ni ara ẹmọ́ òyìnbó rí, kò lè ṣe é fúnra rẹ̀. Miligiráàmù 10 sí 30 ló nílò lójúmọ́ fún kílò kan. Ìdá kan nínú mẹ́rin hóró oní-miligiráàmù 100 ti tó fún ẹyọ kan lójúmọ́. Bí kò bá rí i gbà, oríkèé á wú, kò ní fẹ́ rìn. Gúáfà àti ewé mọ̀ríńgà wà lágbàlá wa, ẹ fi kún un. Fíìdì ehoro kò ní èyí tó tó fún un, ehoro nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má sì fi àwọn méjèèjì sínú àgò kan. Kòkòrò Bordetella lè wà lára ehoro láìṣe é ní nǹkan kan, kó sì ba ẹ̀dọ̀fóró ẹmọ́ òyìnbó jẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà délé, ẹ rẹ fíìdì sínú omi títí á fi rọ̀, kí ẹ máa fi sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tú u sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀, títí á fi lè jẹ fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè rí ìgbẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ kò rí ẹyọ kan, ẹ pe dókítà yẹn padà, kódà kó jẹ́ ọjọ́ Àìkú.