Ẹgbẹ̀rún náírà lórí ọparun méjì: bí mo ṣe lọ gun sìkíì n'Íjẹ̀bú Òde

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti owó ẹrù, torí inú ṣì ń bí mi. Mo dé Berger laago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé, báàgì kan wà lẹ́yìn mi, ọ̀pá ọparun méjì wà lọ́wọ́ mi, èyí tí mo fẹ́ fi gun sìkíì, tí mo ní kí káfíńtà kan ní Kétu bá mi fi irin ṣóńṣó sí lẹ́nu. Kọ̀ndọ́ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ìyẹn máa san 1,000." Owó ọkọ̀ fúnra ẹ̀, 3,500 ni o! Mo ní abẹ́ ìjókòó ni màá tì í sí, ó ní ọparun kì í ká, pé ó máa gún ẹlòmíì lẹ́sẹ̀. Ìyá kan gbé agbọ̀n tòmátì méjì wọlé níṣojú mi, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ṣáà san án. Ẹ gbọ́ o, kẹ́ ẹ ti ná owó ẹrù tán kẹ́ ẹ tó jókòó, torí tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ó parí.

Mo wá dé Ìjẹ̀bú Òde, mo rí i pé ẹ̀yìn ilé tí àbúrò mi ń gbé, ọparun hù síbẹ̀ bíi koríko. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bi mí."

Àbúrò mi tó kẹ́yìn ló ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà nílé ìwé gíga kan lágbègbè yẹn, ó ti dé ọdún tó fẹ́ jáde. Pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ni sìkíì oníwíìlì. Sìkíì gan-an, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni, tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi sáré lórí òjò dídì, ọ̀pá méjì lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń ti ara wọn síwájú. Láti 1922 ni wọ́n ti ń sá ọ̀kan tó ń jẹ́ Vasaloppet ní Sweden, 90 kìlómítà gbáko! Ẹ gbéra ní Berger, ẹ fẹsẹ̀ dé Ìjẹ̀bú Òde, kẹ́ ẹ ṣì tún máa lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò dídì ò sí, oníwíìlì yìí ni wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò lórí títì ọ̀dà. Títì ọ̀dà la sì ní, ohun tí àbúrò mi rí nìyẹn.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni wíìlì ẹ̀yìn. Lórí òjò dídì, wọ́n máa ń fi ìda tó ń lẹ̀ pa abẹ́ sìkíì láàárín, níbi tí ẹsẹ̀ wà, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á dì í mú kó lè ta ara ẹ̀ síwájú. Ìda ò lè ṣe ìyẹn lórí ọ̀dà, nítorí náà wíìlì kan gbọ́dọ̀ wà tó ń yí síwájú nìkan. Ẹ mọ ohun tí ọmọ yìí lò? Fíríwíìlì kẹ̀kẹ́, èyí tó máa ń ró ta-ta-ta téèyàn bá wa pẹ́dà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, wà nílé ìwé wọn o, tapólì ni wọ́n fi bò ó, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ kì í wá. Látọdún tó ti wọlé ló ti ń ya gíà sínú ìwé, kò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí níbẹ̀. Ilé alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ ló ti lọ kọ́ ọ.

Àbúrò mi ní kí n gùn ún. Títì ẹ́sítéètì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí la lọ, ó tẹ́jú, ó wá dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ níwájú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo dà bí ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí mi lára, ọ̀pá ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé mi, mo gbàgbé pé kò ní bíréèkì. Nígbà tí mo dé ibi gẹ̀rẹ́ yẹn ni mo gbọ́ "kẹ́kẹ́". Ojú ibi tí wọ́n jó irin tó di wíìlì iwájú mú ló ya. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ délẹ̀.

A tiro dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan. 5,000 ló bẹ̀rẹ̀ sí, mo ní 2,500, ó ní, "Ìjẹ̀bú lẹ̀ ń ná lójà yẹn o," a fi sí 4,000. Àmọ́ owó yẹn ò dùn mí, ẹ gbà mí gbọ́, torí ọkùnrin náà gbé irin yẹn sójú oòrùn, ó fi èékánná tọ ojú ibi tó ya, ó ní, "Ẹ wò ó, kò ya lójú ibi tẹ́ ẹ jó, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ti ya. Irin tínrín lẹ jó mọ́ èyí tó nípọn, iná ti jẹ ẹ́ tán, gbogbo ìwúwo bọ̀dá yìí sì wà ní igun kan ṣoṣo." Ó gé irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta méjì, ó fi ti igun náà lọ́tùn-ún lósì. Àbúrò mi yọ fóònù, ó ń ká ohun tó ń sọ sílẹ̀.

Wẹ́dà wá bi wá, ta ló ń ṣe irú eré yìí ní Nàìjíríà? Àbúrò mi sọ fún un pé Samuel Ikpefan, tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Faransé, gun sìkíì fún wa ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2022, pé ṣáájú ìyẹn, ní 2018, Ṣeun Adígun kó ikọ̀ obìnrin wa lọ sí Kòríà fún eré bobsled, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ń jókòó sínú ẹ̀ sáré lórí yìnyín, pákó ló sì fi kan èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe ìdánrawò. Wẹ́dà gbé gíláàsì dúdú kúrò lójú. "Pákó? Ó fọwọ́ ara ẹ̀ kàn án?" Ó ní ká mú ìkejì wá, pé òun máa fún ìyẹn náà lágbára. Kò gba owó kún un.

Ìkókóré la jẹ lálẹ́, ewùrà tó yi dáadáa, ẹja gbígbẹ ńlá ńlá nínú ẹ̀, 1,500 péré. Kò síbi tí mo ti lè rí ìyẹn l'Ékòó.

Orúnkún mi wú láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo fi ọparun kan ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀, mo ń tiro lọ sí gáréèjì. Kọ̀ndọ́ wo ọ̀pá, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ Bàbá, ẹ wá jókòó síwájú." Kò dárúkọ owó ẹrù.