Ọmọ kejì kò mọ ohun tó ṣe ọmọ kìíní

Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí wọ yàrá, tó sì ti ilẹ̀kùn. Tá a bá ní ká sọ ti irú ẹ̀jẹ̀ (genotype), AS ni òun, AS ni ọkọ rẹ̀, SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn sickle cell, sì ni ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ lò ń ka Statistics. Wọ́n ní ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ṣé ọ̀kan yẹn ló ti dé yìí, tí mẹ́ta tó kù á fi bọ́?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un kì í ṣe òótọ́.

Mo ti há gbogbo òfin ìṣeéṣe sórí nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì fi wọ́n wo ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo mú bírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Bàbá ní A kan àti S kan; ọ̀kan péré ló máa fún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá. Ìdajì ni ìṣeéṣe pé S ni bàbá á fún un, ìdajì náà ni ti ìyá. Ohun tí bàbá fún un kò yí ti ìyá padà, nítorí náà a ó sọ wọ́n di púpọ̀: 1/2 × 1/2 = 1/4. SS nìyẹn. Bákan náà ni AA. Ọ̀nà méjì ni AS lè gbà wá: kí S ti ọ̀dọ̀ bàbá wá kí A sì ti ọ̀dọ̀ ìyá, tàbí òdìkejì rẹ̀. Ọmọ kan kò lè gba ọ̀nà méjèèjì wá, ìdí nìyẹn tá a fi lè rò wọ́n pọ̀: 1/4 + 1/4 = 1/2.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi. Kò síbi kankan nínú ìṣirò náà tí wọ́n ti béèrè iye ọmọ tí tọkọtaya ti bí. "Independent" tí olùkọ́ wa ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́, òun nìyẹn. Ọmọ kejì kò mọ ohun tó ṣe ọmọ kìíní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Statistics, mo bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó ro ìṣeéṣe méjì pọ̀, ẹ béèrè bóyá nǹkan méjèèjì lè ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Lúdò ló jẹ́ kí èyí yé mi. Tí wọ́n bá da dáìsì méjì, mo máa ń rò pé ìṣeéṣe kí síìsì jáde lára ọ̀kan, ó kéré tán, jẹ́ 1/6 + 1/6, ìyẹn 12/36. Mo wá ya àpótí 36 sẹ́yìn páálí kan, ìlà mẹ́fà fún dáìsì pupa, mẹ́fà fún funfun, mo sì ń sàmì síbi tí síìsì bá wà. Mọ́kànlá ni mo kà. Mo tún un kà, mọ́kànlá náà ni. Àpótí síìsì-síìsì ni mo ti ń kà lẹ́ẹ̀mejì látẹ̀yìnwá! Ibi tí nǹkan méjèèjì ti pàdé, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tó ń kó àwọn tí mo ń kọ́ lọ́kàn sókè jù ni ti ọmọ mẹ́rin. Wọ́n á ní 4 × 1/4 = 1, nítorí náà ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin tọkọtaya AS gbọ́dọ̀ jẹ́ SS dandan. Rárá o. Kí ọmọ kan má jẹ́ SS jẹ́ 3/4. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má jẹ́ SS, ẹ sọ 3/4 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ó rí 81/256, bíi 0.32. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, ó ku bíi 0.68: ìṣeéṣe pé ó kéré tán ọ̀kan á jẹ́ SS nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré lẹ ń wá, ó lè jẹ́ àkọ́bí, ó lè jẹ́ ìkejì, ìkẹta tàbí àbíkẹ́yìn, ọ̀nà mẹ́rin. Kí mẹ́ta tó kù má jẹ́ SS jẹ́ 3/4 × 3/4 × 3/4, ìyẹn 27/64, nítorí náà: 4 × 1/4 × 27/64 = 108/256. Lọ́nà kan náà, méjì jẹ́ 54/256, mẹ́ta jẹ́ 12/256, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1/256. Ẹ ro 81, 108, 54, 12 àti 1 pọ̀. Tí kò bá pé 256, ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ gbàgbé.

Binomial ni wọ́n ń pe irú ìṣirò yìí, tá a fi ń mọ ìṣeéṣe iye ìgbà tí nǹkan á ṣẹlẹ̀ nínú iye ìgbà tá a gbìyànjú. Ẹ má kàn fi fọ́múlà rẹ̀ sọ́wọ́ kẹ́ ẹ máa sáré. Iye ìgbà gbọ́dọ̀ dájú, ìṣeéṣe kò gbọ́dọ̀ yí padà, ìgbà kan kò sì gbọ́dọ̀ kan òmíràn. Ọsàn 10 wà nínú apẹ̀rẹ̀, 3 ti bàjẹ́, ẹ mú méjì láìdá èkíní padà: 3/10 × 2/9 = 1/15 ni ìṣeéṣe pé méjèèjì bàjẹ́. Binomial kò wọ ibẹ̀. Ti Poisson, ìlànà ìṣirò ìṣeéṣe mìíràn, yàtọ̀ sí èyí: iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò kan lẹ ń kà, bí iye ìpè tó wọlé láàárín wákàtí kan.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa fún yín lánàá. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá lóyún, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ni." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sunkún. Mo jókòó tì í. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tún gbìyànjú.

Ọmọ kejì wọn kò ní àrùn. Kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa, dókítà ti ní kì í ṣe SS, ẹ̀gbọ́n mi sì bi mí bóyá ìdajì ni ìṣeéṣe pé AS ni. Mo ní ó ti kúrò ní ìdajì: a ti fa igi lé SS, ọ̀nà mẹ́ta ló kù, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ AS. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó fi ìwé èsì náà hàn mí. AS ni. Ó ká a, ó fi í sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Tí mo bá tún lóyún, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ni, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."