Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù eyín yìí kì í ṣe kékeré o

Ohun tí wọ́n fi dí ihò eyín mi lóṣù tó kọjá ti já bọ́, ẹ̀pà lásán ni mo ń jẹ nínú kórópe láti Ìgbọ̀nà, mo kàn gbọ́ kẹ́ẹ́! Dọ́kítà eyín míì l'Ókè-Fìà ló wá là mí lóye.

Kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù tó ń lẹ ohun tí wọ́n fi dí ihò mọ́ eyín sí i, ásíìdì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi síbẹ̀, phosphoric, bíi 37%, ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ni lórí dentin, ìyẹn ara eyín tó wà lábẹ́ funfun líle òkè. Á fọ ìdọ̀tí tí dírììlì fi sílẹ̀ dànù, á tún jẹ èròjà líle ibẹ̀ díẹ̀, á wá ku fọ́nrán kọ́lájìn nìkan, ó rí bíi kànìnkànìn tútù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, tí wọ́n bá fẹ́ atẹ́gùn sí i jù, kànìnkànìn yẹn á wó lé ara ẹ̀, gọ́ọ̀mù ò ní ráyè wọlé, tómi bá sì pọ̀ jù kò ní lẹ̀ dáadáa. Kó ṣáà tutù níwọ̀nba. Gọ́ọ̀mù á wọ àárín fọ́nrán, wọ́n á tan iná búlúù sí i, á le. Nakabayashi ará Japan ló ṣàlàyé àdàpọ̀ gọ́ọ̀mù àti fọ́nrán yẹn ní 1982.

Ẹni tó ṣe tèmi, ṣe ló ń fẹ́ ẹ fúú bí ẹni ń fẹ́ná ìdáná. Apá òsì ni mo ṣì fi ń jẹun.