S 500 ọdún 2003 kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mercedes-Benz S 500 ọdún 2003 ni, dúdú, tí bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gbé sí abẹ́ ìbòjì ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n sì ní kí n mú ₦4,500,000 wá. Owó yẹn kò tó èyí tí Corolla ọdún 2008 tí mò ń lò yóò pa lọ́wọ́ àwọn alágbàtà ọkọ̀ ní Ṣágámù. Ohun tí ó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn: pé bí mo bá ta ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń gùn, mo lè fi owó rẹ̀ ra irú èyí tí àwọn mínísítà ń gùn nígbà kan, kí ṣẹ́ńjì sì tún kù sí mi lọ́wọ́.

N kò ní purọ́ pé ìrìn ojoojúmọ́ nìkan ni mo fẹ́ fi í rìn. Ojúde Ọba, ọdún ńlá àwa Ìjẹ̀bú, ni mo ń wò. Ẹni tí kò bá tíì dé Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá rí kò lè mọ ohun tí mò ń sọ: àwọn régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, yóò dá aṣọ, wọn yóò dá fìlà, àwọn ìdílé Balógun yóò gun ẹṣin wọlé, àwa tí wọn kò so ẹṣin mọ́lẹ̀ ní ilé bàbá wa yóò sì máa wá ohun mìíràn tí a ó gùn débẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé ọkọ̀ ńlá kan wá nígbà kan, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó fi ìgúnpá lé ojú fèrèsé, kò sì sọ̀kalẹ̀ fún bí wákàtí kan. Gbogbo wa ni a lọ kí i níbẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ẹni tí ó bá ń ṣírò owó irú ọkọ̀ yìí láìka afẹ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn, ìṣírò rẹ̀ kò lè pé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ náà, mo fa ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú irú agbára tí mo fi ń ti ti Corolla, ojú sì tì mí, nítorí pé ilẹ̀kùn náà kò fẹ́ agbára kankan. Ó wọlé, ariwo títì sì dákẹ́. Bàbá na ọwọ́ wọ fèrèsé, wọ́n ní, “Má tì í pa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ohùn jẹ́jẹ́ ló gbọ́.” Awọ àga awakọ̀ ti ha níbi tí itan ti máa ń gba kọjá, ṣùgbọ́n òórùn awọ gidi ṣì wà lára rẹ̀. Ká ní mo mú owó dání lọ́jọ́ náà, n kì bá máa kọ ohun tí mò ń kọ yìí.

Mẹkáníìkì tí mo mú dání, tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n nítorí pé wọ́n jù mí lọ dáadáa, ti ń tún Mercedes ṣe láti ayé ọkọ̀ 190 àtijọ́. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì. V8 lítà márùn-ún ni, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, èyí tí àwọn tí ó ṣe é ní Jámánì ń pè ní M113. Ṣéènì ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tí ó lè já lójijì, bí a bá sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, tí a kò jẹ́ kí ó gbóná jù, kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Pílọ́ọ̀gì rẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu. Mẹ́rìndínlógún ni, méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mẹ́rin péré wà nínú Corolla mi. Mo ní kí wọ́n tún un kà. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ìwọ lo fẹ́ di ọlọ́lá. Mẹ́rìndínlógún náà ni.” Ti epo kò ṣòro láti ṣírò. Lítà 88 ni táǹkì rẹ̀ ń gbà. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹni tí ó bá fi ₦900 ṣírò lítà kan, ₦79,200 ni yóò dà sí i kí ó tó kún.

Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ S-Class irú èyí, ìyẹn ìdílé S 500, tí wọ́n ṣe láti 1998 títí di 2005, kì í jókòó lórí sípíríǹgì. Afẹ́fẹ́ ni ó gbé e dúró, ètò tí wọ́n ń pè ní Airmatic. Àpò rọ́bà wà lára ṣọ́kì rẹ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré kan ni ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú wọn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kì í fi í mọ̀ pé kòtò wà lójú ọ̀nà. Rọ́bà sì ni rọ́bà: lẹ́yìn ogún ọdún, yóò sán. Bí ihò bí orí abẹ́rẹ́ bá ti wà lára ọ̀kan, atẹ́gùn yóò máa jò lóru, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò sì máa ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó láti dí ohun tí ó jò, títí tí òun náà yóò fi jóná. Ẹni tí ó bá ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun láìpààrọ̀ àpò tí ó ń jò, inú ajere ni ó ń bu omi sí.

Ẹ̀gbọ́n ní kí a bẹ bàbá pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ọkọ̀ náà láti ìrọ̀lẹ́, kí a sì débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná sí i. A kúrò ní Ìlíṣàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí a fi máa dé, ìrì ṣì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a kò sì tíì kí bàbá tán tí mo ti rí i: ọkọ̀ náà ti kúnlẹ̀. Apá òsì iwájú ti sọ̀kalẹ̀ débi pé ìka mi méjì kò lè wọ àárín táyà àti irin tí ó bò ó, bẹ́ẹ̀ odindi àtẹ́lẹwọ́ mi ni ó wọlé ní apá ọ̀tún. Ojú kò ti bàbá rárá. Wọ́n ní, “Ó máa ń kí èèyàn láàárọ̀ ni. Yóò dìde.” Wọ́n ṣíná sí i. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tí ó wà ní òpópónà kejì, ọkọ̀ náà sì ń dìde díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ aago ọwọ́ wọn títí tí kíkùn náà fi dákẹ́, wọn kò sì sọ nǹkan kan títí a fi wọ ọkọ̀ wa.

Lójú ọ̀nà ni wọ́n tó là á fún mi. Ṣọ́kì iwájú méjèèjì ni a ó pààrọ̀, nítorí pé èyí tí kò tíì jò yóò tẹ̀lé ìkejì rẹ̀ láìpẹ́. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà kò ní pẹ́ lọ. Tòkunbọ̀ rẹ̀ wà ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n rọ́bà tòkunbọ̀ ti gbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi rárá. Àwọn kan a máa yọ ti afẹ́fẹ́ dànù, wọn a fi sípíríǹgì rọ́pò rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ni n kò fẹ́ ẹ. Ìrìn gbẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ san owó fún. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tán, orúkọ nìkan ni mo rà, iná ìkìlọ̀ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù yóò sì máa rán mi létí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣíná. Iye ọkọ̀ ni ó ń wálẹ̀, iye ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò mọ̀ pé ọkọ̀ tí òun wà nínú rẹ̀ ti di ₦4,500,000. Iye ọkọ̀ olówó ni wọ́n ṣì ń tà á, bí náírà bá sì ti já wálẹ̀ ni òun ń gòkè.

Mo wo Lexus LS 430 pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ṣe láti 2000 sí 2006. V8 ni òun náà, lítà mẹ́rin lé díẹ̀. Orí sípíríǹgì lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lé, ọmọ ìyá Toyota ni, ẹni tí yóò tún un ṣe kò sì wọ́n láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìperu. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì rẹ̀ nìkan ni kí èèyàn má fi ṣeré, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 145,000. Èyí tí mo rí ní Ṣágámù, ₦9,000,000 ni wọ́n pè é, mo sì kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Lẹ́yìn náà ni ó yé mi pé ọjà ti ṣe ìṣírò yìí kí n tó dé: àtúnṣe tí ó ń dúró de ẹni tí yóò ra S 500 ni wọ́n ti yọ kúrò lára owó rẹ̀. Ọkọ̀ ọdún 2006 ni oníṣòwò náà pe Lexus yìí. Lára ọkọ̀ tí ó bá ti Amẹ́ríkà wá, àmì kẹwàá nínú mẹ́tàdínlógún tí ó wà nínú nọ́ńbà ṣáàsì ni ó ń sọ ọdún rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lára gíláàsì iwájú, 4 ni mo bá níbẹ̀, ìyẹn ọdún 2004. Mo kí ọ̀gá náà, mo bá tèmi lọ.

Mo padà sílé, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: owó epo, owó ṣọ́kì, pílọ́ọ̀gì mẹ́rìndínlógún, ìpata tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú lábẹ́ ọ̀dà níbi táyà ẹ̀yìn. Ó ṣì dà bí ohun tí mo lè gbé. Ìyàwó mi wò ó láti orí dé ìsàlẹ̀, ó ní, “Bàbá Ṣọlá, lọ́jọ́ tí ó bá kúnlẹ̀ tí kò dìde, kí ni a ó fi gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé?”

N kò kọ ìyẹn síbẹ̀. Gbogbo ìṣírò mi ni ó dúró lórí pé n ó ta Corolla, bẹ́ẹ̀ Corolla gan-an ni ọkọ̀ tí ẹni tí ó ní irú Mercedes yìí kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Bàbá fúnra wọn ní Toyota kékeré kan lẹ́yìn ilé, òun ni wọ́n ń gbé lọ sí ọjà. Mo ti rí i ní ẹ̀ẹ̀mejì tí mo débẹ̀, n kò kàn bi ara mi léèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, bàbá pè mí pé kí n mú ₦3,500,000 wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì sọ fún wọn pé n kò ní ta Corolla mọ́, nítorí náà owó kò sí nílẹ̀ báyìí. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn Iléyá tí ń bọ̀, tí mo sì ti kó owó rẹ̀ àti ti ṣọ́kì méjì jọ, n ó wá. Wọ́n ní kò burú, ó ń kúnlẹ̀ dè mí.