Ìrọ̀rí tá a gbé láti Rẹ́mọ dé igbó J4

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ìrìn wa síta lẹ ti ń bèèrè oríṣiríṣi nǹkan, irú bàtà wo ni mo wọ̀, tẹ́ǹtì wo la gbé, ṣé ẹ̀fọn ò pa wá lára, kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí mo gbórí lé sùn. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo fẹ́ sọ lónìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ dénú, torí mo ti rí i pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn látàárọ̀ dalẹ́ tòun tẹrù lẹ́yìn, tí ò wá róorun sùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́ ló máa kọ́kọ́ dá a dúró, ọrùn ni. Tí ọrùn bá gan mọ́jú, báàgì ò ní ṣeé gbé kọ́ èjìká, èèyàn ò ní lè wo ọ̀tún wo òsì, inú á kàn máa bí i ṣáá.

Ọ̀nà wa rèé: a bẹ̀rẹ̀ láti Ìpẹru, a fẹsẹ̀ gba Ìlíṣàn bọ́ sí Ìkẹ́nnẹ́, a wọ mọ́tò dé Ìjẹ̀bú-Òde, a yà sí Òkè-Ẹ̀rí lọ wo Erédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a wá parí ẹ̀ sínú Omo Forest Reserve, igbó tí ìjọba ń dáàbò bò, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní J4. Ìparí òjò ni, ìgbà tí oòrùn ń mú lọ́sàn-án tí òjò tún lè dé nírọ̀lẹ́ láìkí èèyàn. Èmi, ọ̀rẹ́ mi kan, àti ẹ̀gbọ́n wa kan la jọ lọ, a sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìrọ̀rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dání ká lè fi wéra. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò nílò ìrọ̀rí kankan, aṣọ làwọn máa ká sínú àpò. Ọ̀rẹ́ mi gbé ti fóòmù. Èmi gbé èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí.

Ìrọ̀rí ilé ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ jọ̀ọ́. Ó lè wúwo tó ìlàjì kílò sí kílò kan, òun nìkan á sì gba ìdajì báàgì. Ti fóòmù tí wọ́n ṣe fún ìrìnàjò sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 200 sí 350. Ti atẹ́gùn ló fúyẹ́ jù, gíráàmù 50 sí 120 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí èèyàn bá sì tú atẹ́gùn inú ẹ̀ dà nù á ṣeé ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n kí nǹkan fúyẹ́ ọ̀tọ̀, kó jẹ́ kéèyàn sùn ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kíká yìí, mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀, torí òun ni gbogbo ẹni tó ti rìn lókè òkun máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn ẹ̀. Kò burú níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Níbi tí òtútù wà, gbogbo wọn ló ní jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sí nínú, ó wú, ó rọ̀, tí wọ́n bá ti tì í sínú àpò ìrọ̀rí ti dé nìyẹn. Ta ló gbé jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ wá sí Rẹ́mọ? Ohun tó wà nínú báàgì wa ni tíṣáàtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi mélòó kan, ṣòkòtò jíǹsì, àti ìró kan tá a fi ń bora, ìdajì nínú wọn ló sì ti mu òógùn. Lálẹ́ tá a sùn sí Ìpẹru, ẹ̀gbọ́n ká tiwọn dáadáa, wọ́n fi ìró wé e, ó ga. Kò pẹ́ tó fi fẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, torí aṣọ fẹ́lẹ́ kì í wú padà tórí bá ti tẹ̀ ẹ́, jíǹsì nìkan ló kù tó le gbagidi lábẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ojú bọ́tìnnì jíǹsì ti yọ róbótó sẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. Ìyẹn ò tún wá dáa tó èyí tí wọ́n sọ fúnra wọn pé gbogbo òru làwọn fi ń gbóòórùn ọ̀nà tá a rìn lọ́sàn-án.

Fóòmù ńkọ́? Ká sòótọ́, lálẹ́ ọjọ́ kan náà ọ̀rẹ́ mi ló sùn jù nínú wa. Fóòmù máa ń gba orí mọ́ra, kì í dún, kì í yọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ fi àwókù fóòmù tí wọ́n gé kù níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹní ìrìnàjò ṣe é, Therm-a-Rest ti Amẹ́ríkà ní irú ẹ̀. Wàhálà ẹ̀ ni ààyè. Tẹ́ ẹ bá fún un mọ́lẹ̀ tó báyìí, kò ní kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló bá di pé ọ̀rẹ́ mi so ó mọ́ ẹ̀yìn báàgì níta nítorí inú ti kún. A ò tíì dé Ìkẹ́nnẹ́ tójò fi dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ bí fóòmù ṣe ń mu omi á mọ̀ pé kò sóhun téèyàn lè ṣe sí i mọ́ lọ́jọ́ yẹn. A fún un, a fún un, omi ò tán. A sá a sórí fẹ́ǹsì ilé tí wọ́n gbà wá sí, a lọ wo ilé Awólọ́wọ̀, níbi tí wọ́n sin bàbá sí ní 1987 nílùú kan náà tí wọ́n ti bí wọn ní 1909, a rìn kọjá síwájú ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956, a jẹun, a padà dé, fóòmù ṣì tutù nínú. Tó bá di ọjọ́ kejì tí ò gbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ lómi nínú báyìí, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó gbé fóòmù rìn láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Ìrọ̀rí òwú àràbà ńkọ́? Bó ti wù kó rọ̀ tó, tó bá tutù á ṣù pọ̀.

Ó wá ku ti atẹ́gùn tó wà lọ́wọ́ mi. Kí n sọ bí mo ṣe yàn án.

Mo kọ́kọ́ wo bí mo ṣe ń sùn. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń sùn, ẹni tó bá sì ń fẹ̀gbẹ́ sùn, èjìká ẹ̀ máa ń gbé orí sókè kúrò nílẹ̀, àlàfo kan á wà láàárín etí àti ilẹ̀, ìrọ̀rí gbọ́dọ̀ dí àlàfo yẹn. Ó máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 13 fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ẹni tí èjìká ẹ̀ fẹ̀ á nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ ò nílò tó yẹn, tó bá ga jù, àgbọ̀n ẹ̀ á máa kan àyà. Ẹni tó ń dojú bolẹ̀, fẹ́lẹ́ ló máa bá a mu. Ẹ má dìde dúró fọwọ́ tẹ ìrọ̀rí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ wá ní ó dáa. Ẹ tẹ́ ẹní yín sílẹ̀, ẹní tẹ́ ẹ máa gbé lọ gan-an o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹnì kan nínú ilé dúró lẹ́yìn yín wo ọrùn yín bóyá ó tọ́ pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ọrùn máa sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. PVC, irú ike kan, ni èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n púpọ̀, ó wúwo, ó máa ń ní òórùn rọ́bà, tó bá sì pẹ́ á máa sán níbi tí wọ́n bá ti ń ká a. TPU, irú ike míì, fúyẹ́ jù ú lọ, ó rọ̀, ó sì lágbára. Mo wo ẹnu ẹ̀ náà, kó jẹ́ èyí tó lè gba atẹ́gùn wọlé láì jẹ́ kó jáde, kéèyàn sì lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó dín kù láìní tú gbogbo ẹ̀ dà nù. Torí aṣírí ẹ̀ nìyí: ẹ má fẹ́ ẹ kún. Ìrọ̀rí atẹ́gùn tó bá kún dẹ́mú á le, orí á máa ta lórí ẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ fẹ́ ẹ kún, ẹ gbórí lé e, kẹ́ ẹ wá máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí etí á fi wọ inú ẹ̀.

Gbogbo ìyẹn ni mo ṣe, síbẹ̀ ní Ìpẹru àti Ìkẹ́nnẹ́ nǹkan kan ṣì ń dà mí láàmú: òógùn. Ojú ìrọ̀rí yẹn kì í mu omi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á lẹ̀ mọ́ ọn, tí mo bá yí padà á dún ṣẹ̀rẹ̀, á tún yọ̀ kúrò lábẹ́ mi. Ohun táwọn tó ń tà á lókè òkun ò ní sọ fún yín nìyí, torí níbi tí wọ́n ti ń lò ó, inú àpò tí wọ́n ń wọ̀ sùn nítorí òtútù ni wọ́n máa ń wà, fìlà wà lórí wọn. Lọ́dọ̀ wa aṣọ tó bo ìrọ̀rí ṣe pàtàkì ju gíráàmù lọ.

Bá a ṣe dé Ìjẹ̀bú-Òde, Òkè-Ajé ni mo gbà lọ. Mo rí màmá kan tí wọ́n ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fẹ́ ìrọ̀rí náà níwájú wọn.

“Ṣé tọmọ ìkókó ni?”

“Rárá mà, èmi ni mo fẹ́ sùn lé e. Nínú igbó, lápá J4.”

“Nínú igbó kẹ̀! Kí lo sọ nù síbẹ̀?”

Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn, wọ́n ronú sí i. Mo ti ra ọ̀pá ańkárá kan lọ́wọ́, wọ́n ní kí n gbé e sọ́hùn-ún, pé aṣọ tuntun ṣì ní sítáàṣì lára, kì í mu omi, kí n wá ògbólógbòó aṣọ tó ti mọ omi. Wọ́n fa ìró kọ́tìnì kan yọ nínú ẹrù àjákù wọn, ó ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè rí ìka mi lódìkejì. Mo ní kí wọ́n fi síìpù sí i, wọ́n kọ̀, wọ́n ní síìpù á gún mi létí. Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ léra wọn bíi tàwọn ìrọ̀rí ilé, wọ́n sì yí gbogbo ojú rírán sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, “ojú okùn ò gbọdọ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ, á máa họ ẹ́.” Mo ní kí wọ́n fi rọ́bà gbọọrọ méjì sábẹ́ ẹ̀, èyí tí mo lè fi kọ́ ẹní. Inú mi dùn sí iṣẹ́ wọn kọjá sísọ. Ọmọ Alárè ni wọ́n lóòótọ́, wọ́n sì gba owó iṣẹ́ wọn pé. Ẹ̀gbọ́n náà lọ ra ìrọ̀rí atẹ́gùn kan lọ́jà lọ́jọ́ náà, PVC ni.

Òkè-Ẹ̀rí ni mo ti kọ́kọ́ mọ adùn aṣọ yẹn. Lọ́sàn-án a ti sọ̀ kalẹ̀ sínú Erédò, yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, bíi kìlómítà 160, tó jẹ́ pé láwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ dé orí òkìtì ẹ̀ tó mítà 20. Patrick Darling, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ará Bìrìtìkó, ló jẹ́ káyé gbọ́ nípa ẹ̀ láàárín 1990 sí 1999, láti 1995 ló sì ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà dárúkọ fún UNESCO. Bàbá tó gbà wá sílé sọ fún wa pé Bilikisu Súngbọ́, obìnrin olówó tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kórúkọ òun má bàa parẹ́. Nísàlẹ̀ níbẹ̀ ewédò ti bo ara ògiri, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀, gbogbo aṣọ ọrùn wa rin gbìndìn. Ká ní aṣọ náà la máa ká sùn lálẹ́ ńkọ́? Mo fa ìrọ̀rí mi yọ, aṣọ màmá wà lára ẹ̀, gbígbẹ, mo sùn títí àkùkọ fi kọ.

J4 ló wá dán gbogbo wa wò. Ẹ má dá wọ ibẹ̀ o, ẹ gba àṣẹ, kí ẹ̀ṣọ́ igbó sì wà pẹ̀lú yín, erin ṣì wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Àwa ò fojú kan erin, ẹsẹ̀ ẹ̀ la rí nínú ẹrẹ̀. Ibi tá a pàgọ́ sí dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, ìrọ̀rí ẹ̀gbọ́n ń yọ̀ bọ́ sí ẹnu tẹ́ǹtì títí, tèmi tí rọ́bà dì mú ò kúrò lójú kan. Nígbà tó di ìdájí, òtútù mú, ìrì ń kán, a fọwọ́ kan ìrọ̀rí tèmi àti tẹ̀gbọ́n, méjèèjì ti dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n ti lu. Mo ní ká ṣe sùúrù, torí atẹ́gùn tó bá tutù máa ń sún kì, ìrọ̀rí tí kò lu náà á dẹ̀ lówùúrọ̀. A po ọṣẹ sínú abọ́ omi, a fẹ́ wọn padà, a fi ọṣẹ ra gbogbo oríkèé wọn. Tèmi ò mí. Ti ẹ̀gbọ́n, létí ibi tí ẹnu ẹ̀ ti so mọ́ ara, ìfófòó kékeré kan yọ, ó wú, ó bẹ́, òmíràn tún yọ. Ojú ibẹ̀ ò sì ṣeé lẹ̀ dáadáa. Ká ní àárín ni, ìyẹn rọrùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ti TPU, ẹ má gbé e lọ bá fọkanáísà, gọ́ọ̀mù tíúbù kì í dì í mú, gọ́ọ̀mù urethane tàbí téèpù tí wọ́n ń pè ní Tenacious Tape ni kẹ́ ẹ wá.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ nínú, torí èémí wa lómi nínú, á hu bátabàta dúdú tẹ́ ẹ bá dé e pa. Ẹ má fi sínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí télọ̀ yín rán aṣọ sí i, ẹ fẹ́ ẹ dé ibi tẹ́ ẹ máa ń fẹ́ ẹ dé kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ fi téèpù yí ìbàdí ẹ̀ ká, kì í ṣe gígùn àti fífẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ wá fi ìka méjì lé e, torí aṣọ kọ́tìnì á ṣì sún kì díẹ̀ tómi bá kọ́kọ́ kàn án.