Tépù tí mo fi ń wọn oníbàárà ni mo wá fi wọn ara mi

Télọ̀ ni mí, Kubwa ní Abuja ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó lé ní ọdún 15 tí mo ti ń jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ di alẹ́. Bí mo ṣe ń sanra sí i ni wọ́n ń yìn mí. Àwọn Hausa àdúgbò sọ mí di Hajiya, àwọn ará ilé ń sọ pé Abuja ti gbà mí. Èmi náà gbà pé ara mi le.

Orúnkún ló kọ́kọ́ ké. Oníkẹ́místì kan fún mi ní ibuprofen, ó ṣiṣẹ́, mo bá sọ ọ́ di oúnjẹ: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé irú oògùn ara ríro bẹ́ẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́ téèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí mo bá bọ́ sálúbàtà nírọ̀lẹ́, ojú okùn rẹ̀ á ti jìn sínú ẹran ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kòtò ibẹ̀ kì í tètè kún. Mo ní ìjókòó ló fà á. Ìtọ̀ mi ń hó bí omi ọṣẹ, mo ní ọṣẹ tí a fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni.

Lọ́sibítù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 170 lórí 100, ó ga. Purotéènì wà nínú ìtọ̀ mi. Wọ́n yẹ creatinine inú ẹ̀jẹ̀ wò, ìyẹn ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ dànù, wọ́n fi ṣírò agbára kíndìnrín mi, ó jẹ́ 54. Dókítà ní àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù 3. Mo padà lọ, kò tíì tó 60, bẹ́ẹ̀ bó bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù 3, kíndìnrín ti ń ṣàìsàn nìyẹn. Àìsàn kíndìnrín ló ń ṣe mí.

Mo sunkún. Mo ní, “Ṣúgà mi ò kúkú ga, dókítà.” Ó ṣàlàyé fún mi pé asẹ́ tíntìntín tó wà nínú kíndìnrín kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1. Ara tó bá tóbi jù ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wọn, wọ́n á máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní àsẹ́jù títí wọ́n á fi gbó, èyí tó bá sì kú kì í hù mọ́. Ọ̀rá inú ikùn tún ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ, àwọn méjèèjì tó ń pa kíndìnrín jù. Gbogbo èyí, kì í dunni.

Nọ́ọ̀sì ní ikùn obìnrin tó bá kọjá 88 sẹ̀ǹtímítà, bí ínṣì 35, ewu ti wọ̀ ọ́. Ti ọkùnrin jẹ́ 102, bí ínṣì 40. Mo délé, mo fa tépù yọ. Ínṣì 44.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanra bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọn ìfúnpá àti ṣúgà nìkan. Ẹ ní kí wọ́n yẹ albumin, irú purotéènì kan, inú ìtọ̀ yín wò, kí wọ́n sì yẹ creatinine inú ẹ̀jẹ̀ wò. Iyọ̀ tí mò ń jẹ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, ti mágì àti yájì orí súyà wà nínú ẹ̀. Mo fi mínírà sílẹ̀. Mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ, mò ń lò ó lójoojúmọ́. Wọ́n gbé àgbo “tó ń fọ kíndìnrín” wá fún mi, mi ò mu ún. Kíndìnrín kì í ṣe ìkòkò.

Ó pé oṣù 14 báyìí. Ínṣì 44 ti di 39, purotéènì inú ìtọ̀ ti dínkù. Agbára kíndìnrín ò gòkè. Dókítà ní kó má ṣáà lọ sílẹ̀ mọ́ la ń wá. Bùbá tí mo rán lọ́dún tó kọjá, mo ti dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀mejì.