Ojú Àṣàkẹ́: Nígbà tí Ìwé Ìfẹ́ bá Di Fíìmù

Kí n tó rí Àṣàkẹ́ nínú fíìmù, mo ti mọ̀ ọ́n fún bí ọdún méjì. Inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí olùkọ́ wa ní èdè Yorùbá máa ń ní kí a ka Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá ṣi ohùn ọ̀rọ̀ kan pè yóò tún gbólóhùn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń kà á díẹ̀díẹ̀, ojú ìwé méjì lónìí, mẹ́ta lọ́tùn-únla, ni oníkálukú wa ń ya àwòrán Àṣàkẹ́ tirẹ̀ sínú ọkàn. Tèmi dúdú, ó ga, ó sì máa ń rọra rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí eyín rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé. Túndé Kèlání gbé fíìmù náà jáde ní 1997, ní apá méjì, àbúrò ìyá mi obìnrin sì yá apá kìíní wá sílé ní ọjọ́ Àìkú kan. Yẹmí Ṣódìmú ni Àjàní, Fẹ́yíkẹ́mi Abọ́dúnrìn ni Àṣàkẹ́. Ojú tó yọ lórí tẹlifíṣàn kì í ṣe ojú tí mo mọ̀, inú sì bí mi gan-an. Mo ń sọ fún gbogbo ará ilé pé Àṣàkẹ́ kọ́ nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo fi dákẹ́. Òṣèré náà ṣe ipa rẹ̀ débi pé bí mo bá ṣí ìwé náà lónìí, ojú rẹ̀ ni mo ń rí. Àṣàkẹ́ tèmi ti lọ, mo wá a títí, n kò rí i mọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ fíìmù ìfẹ́ tí wọ́n yọ láti inú ìwé ti ń gbé mi lọ́kàn, nítorí mo fẹ́ràn wọn púpọ̀, mo sì mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo rí ni pé fíìmù a máa fún ìfẹ́ ní ojú, a sì máa gba àkókò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú yẹn, nítorí ẹ̀bùn ńlá ni. Ìtàn Àjàní kò ṣòro láti sọ: akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì Ìbàdàn, ó ti ń súnmọ́ àṣejáde, ìyá rẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ó mú ìyàwó wálé, Àṣàkẹ́ wà níbẹ̀, Lọlá wà níbẹ̀, Ṣadé náà wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì lè jókòó sójú kan. Nígbà tí ìwé náà jáde ní 1974, àwọn tó kọ́kọ́ kà á mọ bí ọmọge Ìbàdàn ìgbà náà ṣe ń múra, wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún wọn. Àwa tí a bí lẹ́yìn wọn kò mọ̀ ọ́n. Kèlání ló fi hàn wá: ìró tí kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá orúnkún, bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀. Fíìmù náà mú aṣọ yẹn padà sí ìgboro. Àwọn télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, òde ìgbéyàwó kún fún un, títí di òní ni a sì ń pè é ní oleku, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ̀ ọ́ kò ṣí ìwé náà wò rí. Nílé wa, àwọn obìnrin dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta nítorí apá bùbá kan ṣoṣo. Nínú ìwé, gbólóhùn kan ni ẹwà, òǹkàwé á sì kà á kọjá. Nínú fíìmù, ẹwà jókòó síwájú wa ní gbogbo àsìkò tí Àjàní ń sọ̀rọ̀, ìdí tí ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ń mì á wá yé wa láìsí àlàyé. Àwọn àgbà ti sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ohùn tún wà níbẹ̀. Ìyá mi àgbà kò mọ̀wé kà. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé Ó Le Kú kiri inú ilé, bébà lásán ló jẹ́ lójú wọn. Ọjọ́ tí a wo fíìmù náà ni wọ́n kọ́kọ́ bá Àjàní pàdé, wọ́n sì bá a jà: wọ́n ń pè é lórúkọ, wọ́n ń bi í pé ṣé ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń fi ṣeré bẹ́ẹ̀, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní kí n sọ ohun tó kù nínú ìwé fún àwọn. Èmi àti ìyá mi àgbà kò tíì jọ sọ̀rọ̀ ìwé kankan rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Yorùbá tó dán mọ́rán ni àwọn òṣèré náà ń sọ, Yorùbá Ìṣọ̀lá, ẹni tó tún bá Kèlání ṣiṣẹ́ lórí Ṣaworoidẹ ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002, nítorí náà àpárá àti adùn ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé kò ṣòfò lójú ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni àǹfààní fíìmù tí a yọ láti inú ìwé, ìyá mi àgbà tó jókòó sórí àga onígi, tó ń na ìka sí Àjàní, ni n ó kọ́kọ́ rántí.

Ṣùgbọ́n ìdúró ni fíìmù gbà lọ́wọ́ wa. Ní kíláàsì wa, táàmù kan gbáko ni a fi ka ìwé náà, a sì fi gbogbo rẹ̀ jiyàn. Àwọn kan wà lẹ́yìn Àṣàkẹ́, àwọn kan ní Lọlá ló tọ́ sí Àjàní, àwọn ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí Ṣadé. Ẹni tó gbè sẹ́yìn Lọlá ní Ọjọ́rú lè ti padà sẹ́yìn Àṣàkẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí mo rò ó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mo rí i pé ohun tó ń ṣe Àjàní gan-an ló ń ṣe wá: àkókò ń kọjá lórí wa, ọkàn wa sì ń yí. Ìwé náà ti fi wá sínú iyèméjì tí ó ń ròyìn. Nígbà tí ìtàn kan náà di ohun tí a lè wò tán láàárín ìrọ̀lẹ́ méjì, iyèméjì kò ní àyè láti hù mọ́. Obìnrin kan jáde, òmíràn wọlé, ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn, ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń dà láàmú sì wá dà bí oníṣekúṣe lásán. Ìdájọ́ tí ìyá mi àgbà ṣe fún un nìyẹn, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ohun tí wọ́n fi hàn wọ́n ni wọ́n fi ṣèdájọ́.

Ìwé tún ní ẹnu ọ̀nà kan tí kámẹ́rà kò ní: ó lè wọ inú ọkàn ènìyàn nígbà tí ẹnu ẹni náà ń sọ ohun mìíràn. Nínú fíìmù, ojú òṣèré nìkan ló kù láti fi sọ ọ́, àwọn tó lè ṣe é kò sì pọ̀. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ fíìmù bẹ́ẹ̀ fún olórí ìtàn ní ọ̀rẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jókòó kí ó máa gbọ́ àṣírí, tàbí kí wọ́n fi orin dí àyè náà, kí dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í dún kí a lè mọ̀ pé àsìkò ẹkún ti tó. Mo ti sun irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í pẹ́ gbẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àkókò yìí ti hàn sí mi kedere jù ni Half of a Yellow Sun. Chimamanda Ngozi Adichie gbé ìwé náà jáde ní 2006. Bíyì Bándélé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kafanchan, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ òǹkọ̀wé kí ó tó di olùdarí fíìmù, ló sọ ọ́ di fíìmù ní 2013. Ìtàn ogun Biafra ni, ìtàn ìfẹ́ Olanna àti Odenigbo, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì Nsukka, sì ni pẹ̀lú. Adichie pín ìwé náà sí apá mẹ́rin, kò sì tò wọ́n bí ọdún ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ló kọ́kọ́ sọ, ó fò lọ sí ìparí wọn, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó tún lọ sí ìparí. Nítorí náà, ní apá kejì, a rí Olanna tó ń tọ́ ọmọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Baby, a rí i pé nǹkan kan ti bàjẹ́ láàárín òun àti Kainene tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, a kò sì mọ ìdí. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé ni a ó ṣí kí a tó gbọ́ pé Amala, ọmọbìnrin tí ìyá Odenigbo mú wá láti abúlé, ló bí ọmọ náà fún Odenigbo. Ìgbà tí a ó fi gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà, a ti rí ìdáríjì rẹ̀ ṣáájú. A ti rí Olanna tó fi ọmọ náà ṣe ọmọ tirẹ̀ nínú ogun.

Fíìmù tò ó tààrà. Ẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹkún tẹ̀lé e, ìdáríjì sì dé lẹ́yìn ẹkún. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò yí padà, síbẹ̀ ohun tó jẹ́ àdììtú nínú ìwé ti di ìròyìn. Mo fẹ́ràn ohun tí Thandiwe Newton fi ojú rẹ̀ ṣe nínú ipa Olanna, mo sì mọ̀ pé ìwé tó ju ojú ìwé 400 lọ kò lè wọ inú wákàtí méjì láìjẹ́ pé a gé e. Ibi tí wọ́n gé ló ń dùn mí. Ugwu, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà, ni ìwé fi ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni a fi kọ́kọ́ rí ilé ọ̀gá rẹ̀ àti ìfẹ́ tó wọ inú ilé náà. Nínú fíìmù, John Boyega ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé e sí, àwọn olólùfẹ́ sì gba gbogbo àárín. Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà pé àwọn aláṣẹ tó ń yẹ fíìmù wò dá fíìmù yìí dúró fún oṣù mélòó kan ní 2014 kí wọ́n tó gbà kí ó wọ ilé sinimá ní Nàìjíríà, nítorí ogun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n ti di ẹ̀yìn ìtàn ìfẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá náà wà. Onyeka Onwenu ló ṣe ìyá Odenigbo, ìyá tó ka Olanna sí àjẹ́, ó sì ṣe é débi pé ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Kèlání náà tún padà sí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní 2014 nígbà tó ṣe fíìmù Dazzling Mirage láti inú ìwé tí Yínká Ẹ̀gbokhare kọ, ìtàn Fúnmiwò, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ òun gbé e níyàwó. Mo dúpẹ́ pé fíìmù náà gbé ọ̀rọ̀ àrùn yẹn wá síwájú àwọn tí kì í ka ìwé. Ṣùgbọ́n nínú irú àwọn ìtàn yìí, fíìmù nílò ẹni tí yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà dí olólùfẹ́ lọ́nà, kíákíá, kí òǹwòran lè mọ ẹni tí yóò kórìíra. Ìyá ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí. Ìwé a máa ní àyè fún ẹ̀rù rẹ̀. Ìyá tó ti bá aládùúgbò sin ọmọ, tó mọ bí egungun ṣe ń ro ọmọ tó ní àrùn náà lóru, kì í ṣe ọ̀tá ìfẹ́. Mo mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ní àdúgbò wa nìkan.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wo apá kìíní Ó Le Kú lórí fóònù rẹ̀, ó sì wá bá mi pé òun kò ní wo apá kejì títí òun yóò fi ka ìwé rẹ̀ tán. Mo fún un ní ẹ̀dà tèmi. Kíka Yorùbá kò tíì yá a lára. Bí ojú ìwé mẹ́rin ni ó ń kà lálẹ́, ó ń fi ìka tẹ̀lé àmì ohùn. Ní àná, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ní, “Àǹtí, ta ni Àjàní máa fẹ́ níkẹyìn?” Mo bi í pé ta ni òun fẹ́ kí ó fẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Lọ́jọ́ Àìkú, Lọlá ni. N kò mọ̀ mọ́,” ó sì padà sí yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.